Omi Aró Lẹ́sẹ̀ Odi

Ẹni tí ogun lé kúrò nílé kì í yan ilé. Èyí tí wọ́n bá nawọ́ sí i ni yóò gbà, yóò sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún Aláró àti àwọn ènìyàn rẹ̀, nígbà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ náà já láti etí òkun títí dé ìlú orí òkè. Bàtà ọkọ rẹ̀ ti jẹ tán kí wọ́n tó rin ìdajì ọ̀nà. Àwọn ni wọ́n wọlé kẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe gbẹ́sẹ̀ sínú odi báyìí ni oníbodè ti ilẹ̀kùn ńlá, ó sì fi ìtì igi dábùú rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni ọ̀tá dó ti ìlú, tí èéfín ibùdó wọn wá ń gòkè láràárọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò.

Ilé tí wọ́n fún wọn fẹ̀yìn ti odi. Yàrá méjì ni, àti àgbàlá tóóró kan. Jagunjagun kan ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọfà bá lórí odi, tí kò sì sọ̀ kalẹ̀ láàyè mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ohun tó kù níbẹ̀ kò ju èéfín tó dúdú sára àjà lọ, àti ìkọ́ igi kan lára ògiri, tí ọkùnrin náà máa ń fi apó ọfà rẹ̀ kọ́. Aláró kò gbé nǹkan kan kọ́ ọ. Lójú tirẹ̀, ìkọ́ náà ṣì ní ẹni tó ni ín.

Ìyá olóògbé yìí ni aládùúgbò wọn, ògiri kan ló là wọ́n. Ọṣẹ ló ń ṣe, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo ìlú ń pè é. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, kíkí tí Aláró ń kí i láràárọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń gbọ́ ọ.

Ẹrù kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìyá ọkọ Aláró ní ìdì kékeré kan tó fi ń ṣe ìrọ̀rí, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Bí Aláró bá ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín tú u, ara á tù yín," ìyá àgbà á ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mi ò lọ sílé mọ́?" Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ti Aláró ni ìkòkò aró. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń ru oúnjẹ àti ẹní lójú ọ̀nà, ìkòkò ló rù, tó fi awọ dí lẹ́nu, tó sì pọn ọmọbìnrin rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ebi ń pa wá, ìyàwó, ṣé aró la máa mu?" Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò sọ̀ ọ́. Ìyá tó bí i ló bu aró náà fún un lọ́jọ́ tó ń re ilé ọkọ. Ìyá ìyá rẹ̀ ló bù ú fún ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá lò ó, wọ́n á fi omi eérú àti ewé ẹlú kún un padà. Kò tíì gbẹ rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Balógun ìlú ló kọ́kọ́ fún un níṣẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, kùrukùru sì máa ń bo orí òkè láàárọ̀ débi pé ọmọ ogun kò mọ ẹni tirẹ̀ mọ́. Ó ní kí Aláró rẹ ọ̀já orí àwọn jagunjagun láró, kí wọ́n lè dá ara wọn mọ̀. Inú Aláró dùn. Ó ré kọjá sílé kejì, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ eérú.

"Eérú?" Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ààrò rẹ̀. "Eérú tí mo fi ń ṣọṣẹ? Ẹ gba ilé ọmọ mi, ó wá ku eérú tó wà nínú ààrò mi. Ṣé kí n kúkú bọ́ṣọ tó wà lára mi fún yín pẹ̀lú?"

Aláró padà sílé, ó gbá ìwọ̀nba eérú ìdáná tirẹ̀ jọ, ó da gbogbo ewé ẹlú gbígbẹ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò, ó sì rẹ ọ̀já náà. Wọ́n mu aró dáadáa.

Wàyí o, ní etí òkun tó ti wá, omi tí wọ́n bá fi ṣan aṣọ aró kì í sùn nínú ilé. Ewúrẹ́ á mu ún, ọmọdé á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ibi tí omi bá ń ṣàn lọ ni wọ́n ń dà á sí. Kò sí odò nínú ìlú orí òkè yìí, kànga ni wọ́n ń pọn. Aláró wá àgbàlá kiri, ó rí òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn igi ìdáná, lẹ́sẹ̀ odi gan-an. Ó yí i. Ihò kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ jáde nínú rẹ̀. "Wá wò ó," ló sọ fún ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, "wọ́n kúkú ní ibi tí wọ́n ń da omi sí!" Igbá lẹ́yìn igbá ló da omi aró náà síbẹ̀ títí ó fi tán. Ó gbé òkúta padà, ó gbá àgbàlá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa ṣiṣẹ́ nínú ilé náà tí yóò dà bíi pé ilé rẹ̀ ni. Ojú lásán ni àlejò ní, kò fi ríran.

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà ni ariwo ti ta lórí odi.

"Odò ti di aró! Ẹ wá wo odò o!"

Aláró gbọ́ ọ, igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ tafàtafà, fi máa sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí odi, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Níbo lo da omi yẹn sí?"

Ó na ọwọ́ sí òkúta. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo òkúta, ó gbá orí mú. "Orí mi o! Omi yẹn ti gba abẹ́ odi jáde sínú igbó, ó ti ṣàn dé ibi tí ọ̀tá ti ń fọṣọ. Wọ́n ti ń tọ ipa rẹ̀ bọ̀ sókè. Àwa la fi ọfà dá wọn padà."

* * *

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìgbìmọ̀ ogun jókòó, lábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé Balógun. Òjò ń ṣẹ́. Aláró kúnlẹ̀ láàárín, ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tún wà nílẹ̀ lẹ́yìn wọn, Baba Mọlémọlé, ẹni tó mọ odi ìlú, tó sì ṣe onídùúró fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé. Òfin ìlú yé gbogbo ènìyàn: àlejò tó bá ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá, ẹnubodè ni wọ́n máa gbà tì í jáde sọ́dọ̀ ọ̀tá náà, tòun ti ẹbí rẹ̀, tòun ti onídùúró rẹ̀.

Balógun kì í pariwo. Abìjàwàrà ni wọ́n ń kì í, ẹni tó ń sùn lójú ogun bí ẹni sùn nílé àna, ṣùgbọ́n ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, èyí gan-an ló ń já àyà ènìyàn.

"Aláró, ìwọ lo da aró sójú àgbàrá?"

"Èmi ni, Baba. Mi ò mọ̀ pé ó jáde síta ni."

"Kò mọ̀!" Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti dìde láàárín èrò. "Òkúta tí igi ìdáná bò mọ́lẹ̀, ó mọ ibi tó wà. Ibi tí omi ń lọ ni kò mọ̀! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ọmọ mi kú lórí odi yìí kí ọ̀tá má baà wọlé. Inú yàrá ọmọ mi ni wọ́n wá jókòó sí, tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún wọn!" Kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú.

Ọkọ Aláró gbórí sókè. "Baba, èmi ni mo ní kó dà á síbẹ̀. Mo fi ọrun ọwọ́ mi búra, kì í ṣe ọ̀rọ̀ amí. Ẹni bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ. Bí ẹ bá máa ti ènìyàn jáde, èmi ni kí ẹ tì."

"Irọ́ ló ń pa, Baba," ni Aláró sọ. "Orí odi ló wà nígbà tí mo dà á. Kò mọ nǹkan kan."

"Panu mọ́!" ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Mi ò ní panu mọ́."

Balógun wò wọ́n títí. "Ọkọ ń purọ́ kó lè gba ìyàwó là, ìyàwó ń tú ọkọ fó lójú ìgbìmọ̀. Mo ti mú amí rí, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọn kì í ṣe báyìí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri ti lanu báyìí. Kí la máa ṣe?"

Ọ̀gágun kan tí ojú rẹ̀ kan fọ́ ní kí wọ́n fi òkúta dí ihò náà pa.

"Ẹ dí i," ni Baba Mọlémọlé dáhùn láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. "Kí òjò kan péré rọ̀. Omi á dúró lẹ́sẹ̀ odi, amọ̀ á máa yọ́ bí ọṣẹ inú omi, odi á sì wó kí ọ̀tá tó fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo mọ ọ́n, mo mọ ohun tó lè rù. Bí ẹ bá sì máa tì mí jáde, ẹ̀yin ọ̀gágun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́pàá. Ẹ̀yìn mi ò gba ìrìn-àjò mọ́."

"Ihò náà nìkan ló wà?" ni Balógun bi í.

Bàbá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Òmíràn wà nínú ọgbà ẹṣin àtijọ́. Ìyẹn fẹ̀ jù báyìí lọ, ọkùnrin lè rá gbà á. Inú igbó kan náà ni àwọn méjèèjì yọ sí."

Balógun tẹ̀ síwájú, ó fi ìka fa ilà sórí ilẹ̀. Gbogbo wọn mọ ọgbà ẹṣin. Ogun ti kó àwọn ẹṣin lọ, ọgbà lásán ló kù, ògiri gíga yí i ká, ilẹ̀kùn kan ló ní. Ẹni tó bá jáde láti inú ihò bọ́ síbẹ̀, bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn náà, ó ti bọ́ sínú kòtò.

"Wọ́n rí aró, wọn ò tíì rí ihò," ló sọ. "Òjò òru ti fọ ipa rẹ̀ nù. Ohun tí wọ́n ń retí ni kí omi náà tún ṣàn, kí wọ́n lè tọ̀ ọ́ dé orísun. Ẹ jẹ́ ká fún wọn lóhun tí wọ́n ń retí, ṣùgbọ́n kó gba ọgbà ẹṣin jáde." Ó yíjú sí Aláró. "Aró tó kù lọ́wọ́ rẹ, ṣé ó lè pa odò náà láró dé ìsàlẹ̀?"

Omi ìṣanṣọ ti tán. Ohun tó kù ni èyí tó wà nínú ìkòkò. Gbogbo rẹ̀ ni yóò sì gbà, títí dé ìsàlẹ̀.

Aláró gbé e yẹ̀ wò. Kò sí aláró mìíràn nínú ìlú yẹn. Bó bá ní kò lè tó, ta ni yóò já a nírọ́? Bí wọ́n bá sì tì wọ́n jáde, tí orí bá kó wọn yọ lọ́wọ́ ọ̀tá, ìkòkò náà ni iṣẹ́, òun ni oúnjẹ, òun ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ ní ìlú tó bá kàn. Bó bá dà á nù, kò sí ìlú tó kàn mọ́. Ìlú tí wọ́n fẹ́ tì í jáde yìí náà ló kù. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n.

"Ó lè pa á, Baba," ló sọ.

"Bí wọ́n bá gba ọgbà ẹṣin, ẹ ti di ọmọ ìlú. Bí wọn ò bá gba ibẹ̀, òfin ni òfin." Balógun dìde. "Kí o dà á kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n lè rí i. Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ ọ."

* * *

Àwọn obìnrin méjèèjì ló jọ gbé ìkòkò náà lọ sí ọgbà ẹṣin. Wọ́n sọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Aláró tú awọ ẹnu rẹ̀. Òórùn aró jáde, òórùn ilé ìyá rẹ̀ ni. Ó di etí ìkòkò mú, kò sì lè dà á.

"Kí lò ń dúró dè?" ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ bi í. "Oòrùn ń lọ."

"Mo ń bọ̀, Ìyá. Ìyá mi ló fún mi ni. Kò tíì tán rí."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ sún mọ́ ọn. Ó wo inú ìkòkò, ó wo ojú obìnrin náà tí omijé ti bò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ìdí ìkòkò lódì kejì. "Gbé e níhìn-ín. O ò lè dá a dà, ó wúwo."

Wọ́n jọ tẹ̀ ẹ́. Aró ṣàn, ó pọ̀, ó dúdú, ó ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Ọwọ́ àwọn méjèèjì di aró dé ìgúnpá. Nígbà tó kù díẹ̀ nísàlẹ̀, Aláró fi ọwọ́ nu inú ìkòkò yípo, ó ṣan ọwọ́ náà sínú ihò. Ó wá bú sẹ́kún, kò bo ojú, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbé ìkòkò náà dúró. "Ìkọ́ tó wà nínú yàrá yẹn," ló bi í, tó ń wo ibòmíràn, "ẹ ti yọ ọ́?"

"Rárá, Ìyá."

"Kí lẹ gbé kọ́ ọ?"

"A ò gbé nǹkan kan kọ́ ọ. Kì í ṣe tiwa."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, aró sì lẹ̀ mọ́ ọn nímú. Kò mọ̀, Aláró náà kò sọ fún un.

* * *

Ẹni tó lanu ògiri ni yóò dúró tì í: bí Balógun ṣe pàṣẹ nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, tí kùrukùru bo gbogbo òkè, ọkọ Aláró àti àwọn ọlọ́fà ti ba sórí ògiri ọgbà ẹṣin, ọ̀já aró lórí wọn. Ní àgbàlá ilé tuntun, Aláró, ìyá ọkọ rẹ̀ àti Ìyá Ọlọ́ṣẹ yí òkúta pẹlẹbẹ nì ká. Ọmọ orí odó lọ́wọ́ Aláró. Ìyá àgbà mú igi ìdáná. Bí ọ̀tá bá gba ibí yìí dípò ọgbà ẹṣin, àwọn ni yóò kọ́kọ́ rí. Wọ́n ń gbọ́ èémí ara wọn.

Wọ́n retí, retí. Ọgbà ẹṣin dákẹ́.

"Wọn ò wá," ni Aláró sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìyá, wọn ò wá níbẹ̀."

"Ṣṣṣ!"

Nǹkan ń họ ilẹ̀ nísàlẹ̀. Ó dákẹ́, ó tún họ. Ó ń bọ̀ lókè. Ìyá Ọlọ́ṣẹ di apá Aláró mú, èékánná rẹ̀ wọlé sára rẹ̀. Nǹkan náà dé abẹ́ òkúta. Aláró gbé ọmọ orí odó sókè.

Aláǹgbá kan yọrí jáde, orí rẹ̀ pa aró díẹ̀. Ó wò wọ́n. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni ń kí wọn kú àárọ̀.

"Ìwọ ẹran burúkú yìí!" Ìyá àgbà la igi mọ́lẹ̀, kò bà á. Aláǹgbá ti gun odi lọ. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ki aṣọ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà já a gbà. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí igbe fi sọ láti ọgbà ẹṣin. Igbe ọkùnrin púpọ̀ ni, irin ń lu irin, ilẹ̀kùn ńlá kan sì ti gbàà. Kò pẹ́. Àwọn tó bọ́ sínú ọgbà kò rí ọ̀nà padà, àwọn tó kù sínú ihò sì ń ti ara wọn sẹ́yìn. Nígbà tí kùrukùru fi máa ká, ohùn Balógun ni wọ́n ń gbọ́ tó ń ní kí wọ́n má pa ẹni tó bá ti ju ohun ìjà sílẹ̀.

Ọkọ Aláró wọlé, ọ̀já orí rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ wà létí rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri. "Wọ́n gba ibẹ̀," ló sọ. "Ọgbà ẹṣin ni wọ́n gbà. Balógun ní kí n kí yín, ní ilé yín."

Aláró jókòó. Ojú rẹ̀ lọ síbi tí ìkòkò wà ní igun àgbàlá, tó ṣófo, tó la ẹnu sílẹ̀. Ilé ti wà, ọmọ ìlú sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n kí ni yóò máa ṣe nínú rẹ̀?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti jáde. Nígbà tó padà dé, apẹ̀rẹ̀ eérú ló rù, eérú tó ti fi asẹ́ sẹ́, tó funfun, tó sì kúnná. Ó sọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Aró ṣì wà nímú rẹ̀.

"Omi ló dànù," ló sọ, "agbè ò fọ́. Bí èyí bá tán, kí o wá mú sí i. Má wulẹ̀ kúnlẹ̀ mọ́, mi ò fẹ́ràn rẹ̀."

"Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n ewé ẹlú ti tán. Mi ò sì rí i hù níbikíbi lórí òkè yìí."

Ìyá àgbà ló dìde. Ó wọ inú yàrá, ó gbé ìdì rẹ̀ jáde, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kókó náà ti le, eyín ló fi já a. Aṣọ ògbólógbòó kan ló wà nínú rẹ̀, inú aṣọ náà ni àpò awọ kékeré kan wà. Ó da ohun inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Irúgbìn ni, tín-ín-tìn-ìn-tín, ó dúdú.

"Ẹlú," ni Aláró wí. "Ìyá! Láti ọjọ́ yìí?"

"Bí mo bá gbé e jáde, ẹ máa ní kí a gbìn ín. Bí a bá sì ti gbìn ín, a ti dé nìyẹn." Ìyá àgbà pa ọwọ́ dé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó yíjú sí Ìyá Ọlọ́ṣẹ. "Àgbàlá yín ni. Níbo ni oòrùn ti máa ń pẹ́ jù?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ wo àgbàlá náà yípo. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ sí igun kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, bí ibi tí ẹnì kan ti máa ń jókòó lójoojúmọ́. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ewé kúrò níbẹ̀.

"Níhìn-ín," ló sọ. "Ibí ni ọmọ mi máa ń jókòó sí."